Okùn ni àbí bátìrì? Ìfiwéra ọ̀nà àbáyọ fún iPod àtijọ́ tí kò gba iná mọ́

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ sáré rà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London ló fún mi ní iPod ọ̀hún, ẹ̀rọ kékeré tí Apple ṣe fún gbígbọ́ orin, lọ́dún tó wálé wá ṣe ìsìnkú bàbá wa. 30GB ni, dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán gbinrin bíi dígí. Àpàlà, sákárà àti wákà ló kún inú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń dà wọ́n sí i díẹ̀díẹ̀ látinú CD. Mo gbọ́ ọ títí, mo wá gbàgbé rẹ̀ sínú àpò kan fún bí oṣù mẹ́jọ. Ìgbà tí mo máa mú un jáde, tí mo fi sí ṣájà, òkùnkùn biribiri. Mo tẹ ibi gbogbo tó ṣeé tẹ̀, kò dá mi lóhùn. Mo ní bátìrì ti kú nìyẹn, mo bá ránṣẹ́ ra òmíràn láti òkè òkun. Ọjọ́ tó dé, mo gbé òun àti iPod lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀tìgbà, n'Ìkẹjà. Kò tiẹ̀ wo bátìrì tí mo gbé síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, okùn tí ẹ fi ń ṣájì í dà?" Mo fà á fún un. Ó wo ẹnu rẹ̀, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa okùn iPad àtijọ́ kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó ki í bọ̀ ọ́, ó padà sídìí fóònù ẹlòmíì tó ń ṣe. Nígbà tó máa fi tó ogún ìṣẹ́jú, àwòrán bátìrì yọ lójú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Okùn yín ló kú. Èyí ò ṣe nǹkan kan."

Kí ẹ má bàa ra ohun tí ẹ ò nílò bíi tèmi, ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ọ̀nà tó wà kalẹ̀ síra wọn. Ẹ lè tún ohun tó wà níta ṣe, ìyẹn okùn, ṣájà àti ẹnu tí okùn ń wọ̀. Ẹ lè pààrọ̀ bátìrì tó wà nínú. Ẹ sì lè fi í sílẹ̀ kí ẹ wá òmíràn. Ní tèmi, ẹ gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ti ìta wò tán kí ẹ tó kan inú, irú iPod kan sì wà tí n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí.

## Ìran wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Bí iPod kan ṣe ń gba iná kọ́ ni òmíràn ṣe ń gbà á. Èyí àkọ́kọ́ tó jáde ní oṣù kẹwàá 2001, àti èyí tó tẹ̀ lé e ní 2002, okùn FireWire nìkan ni wọ́n mọ̀, ìyẹn irú okùn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó yàtọ̀ sí USB, orí wọn lókè ni ihò rẹ̀ sì wà. Bí ẹ ò bá ní FireWire, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe fún un láti ìta.

Ìran kẹta, ti 2003, ló kọ́kọ́ ní ẹnu pẹlẹbẹ tó ní eyín wẹ́wẹ́ 30 nísàlẹ̀. Ẹ dúró ti eléyìí díẹ̀, torí ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Okùn USB máa wọ ẹnu rẹ̀ rẹ́gí, ó máa kó orin sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣájì í láé. FireWire nìkan ló ń fún un níná. Ẹni tó rà á ní tòkunbọ̀ máa fi USB sí i láti àárọ̀ dalẹ́, á wá sọ pé bátìrì ti kú. Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé: bọ́tìnnì róbótó mẹ́rin tò lẹ́sẹẹsẹ láàárín ojú rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tí a ń fi àtàǹpàkò yí, wọ́n sì máa ń tàn pupa nínú òkùnkùn.

Láti ìran kẹrin, 2004, USB àti FireWire ló lè ṣájì í. Ìran karùn-ún, tí a ń pè ní Video, jáde ní oṣù kẹwàá 2005. iPod classic dé ní oṣù kẹsàn-án 2007, wọ́n sì ń tà á títí di oṣù kẹsàn-án 2014. Àwọn méjì yìí ló kù lọ́wọ́ èèyàn jù, àwọn sì ni ọ̀rọ̀ mi máa dá lé jù.

Ohun kan tún wà tó dà bí àlọ́. Ní 2008, iPod nano ìran kẹrin àti iPod touch ìran kejì kọ FireWire sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ẹ̀rọ agbóhùnjáde àtijọ́ tí a máa ń gbé iPod lé lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fún un ní iná volt 12 ti FireWire. Ẹ gbé nano 2008 lé e, orin á máa dún, iná ò ní wọlé. Ẹ gbé Video lé ẹ̀rọ kan náà, ó máa gba iná dáadáa. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú àwọn méjèèjì.

## Ohun tó ń ṣe, àti ohun tó fi ń jọ

| Ohun tí ẹ rí | Ẹ kọ́kọ́ fura sí | Ohun tí ẹ máa ṣe |
|---|---|---|
| Òkùnkùn pátápátá | Hold, okùn, bátìrì tó gbẹ kanlẹ̀ | Okùn míì, kí ẹ sì fi í sórí iná fún ìṣẹ́jú 30 |
| Kọ̀ǹpútà ń ṣájì í, ti ara ògiri ò ṣe é | Ṣájà | Ẹ wá ṣájà míì |
| Ó ń gba iná bí ẹ bá tẹ okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan | Ẹnu tó dọ̀tí tàbí eyín tó tẹ̀ | Ẹ nu ún |
| Ó kún, ó tán láàárín wákàtí kan | Bátìrì | Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ |
| Ó ń kú lójijì bó bá fẹ́ gbé orin míì | Bátìrì, nígbà míì dísìkì | Ẹ tẹ́tí sí i |
| Ojú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ga sókè | Bátìrì tó ti wú | Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀ |

Ti Hold dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n ó ti ṣe mí rí. Bí àwọ̀ ọsàn bá hàn lábẹ́ ohun kékeré tí a ń tì sọ́tùn-ún sósì lókè rẹ̀, títì ló wà. Ẹ tì í lọ, ẹ tì í bọ̀, kí ẹ wá tẹ Menu àti àárín kẹ̀kẹ́ pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà sí mẹ́jọ títí àmì Apple á fi yọ. Lára Video àti classic, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń jí i.

Ìṣẹ́jú 30 tí mo kọ síbẹ̀, ẹ má gé e kúrú. Bátìrì lithium tó ti gbẹ kanlẹ̀ kì í gba iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa fún un, bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ aláìsàn, títí agbára rẹ̀ á fi tó èyí tó lè tan ojú. Ní gbogbo àkókò yẹn òkùnkùn lẹ máa máa wò. Ẹni tí kò ní sùúrù á yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú karùn-ún, á tún un kì bọ̀ ọ́, á tún yọ ọ́.

Ti dísìkì ló gba etí. Nínú Video àti classic, dísìkì kékeré kan ló ń yí, kì í sì í yí nígbà gbogbo. Ó máa yí, ó kó orin mélòó kan sórí mẹ́mọ́rì, ó dúró. Ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ló ń fa iná jù. Bátìrì tó ti gbó lè gbé orin tó wà lórí mẹ́mọ́rì láìsí wàhálà, àmọ́ bí dísìkì bá ti ní kóun yí báyìí, agbára rẹ̀ á já wálẹ̀, iPod á kú, á tún tan. Ẹ gbé e sétí. Bí ẹ bá gbọ́ ìró wẹ́rẹ́ tó ń lọ sókè tó wá gé, tí ó sì ń ṣe dáadáa nígbà tó bá wà lórí ṣájà, bátìrì ni. Bí ó bá ń ró kọ̀, kọ̀, kọ̀ àní lórí ṣájà, dísìkì ni, bátìrì tuntun ò ní wò ó sàn.

Bí ó bá ń kú tó ń jí báyìí tí kò jẹ́ kí iná wọlé, ẹ jí i lọ́nà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí àmì Apple bá ti yọ, kí ẹ tẹ àárín kẹ̀kẹ́ àti Play pọ̀. Á wọ ipò tó ti ń dúró bíi dísìkì lásán. Ẹ fi í síbẹ̀ kó gba iná.

## Ti ìta: okùn, ṣájà, àti ẹnu

Okùn ni mo fi ṣíwájú. Okùn eyín 30 kan náà ni iPhone lò títí dé 4S, òun náà ni iPad mẹ́ta àkọ́kọ́ lò, kí Apple tó yí ẹnu padà sí Lightning ní 2012. Nítorí náà, kí ẹ tó ra tuntun, ẹ bi àwọn ará ilé. Ó ṣòro kí okùn iPhone 4 má wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ ẹnì kan.

Èwo ló dára jù, ojúlówó àtijọ́ àbí àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú? Ojúlówó ní wáyà tó péye, àmọ́ ọrùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu máa ń pọ́n, á sán, á là, tí wáyà inú á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmi tó kú yẹn, ojú ò lè rí i níta. Àwọn tuntun ò tíì gbó, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn kò ní ju wáyà iná méjì lọ, wọn ò fi wáyà tó ń gbé orin sí i rárá. Ìdánwò rẹ̀ ò le: ẹ fi so iPod mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá dá iPod mọ̀, wáyà pé. Bí kò bá dá a mọ̀, ẹ dá okùn padà fún ẹni tó tà á. Àwọn okùn àkọ́kọ́ tún ní ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ìka méjì tẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ. Ẹni tó bá kàn fà á, ẹnu iPod ló máa bá a wá.

Ṣájà wá. Ó lè yà yín lẹ́nu pé ṣájà fóònù tuntun tó ń gbé fóònù dé ìdajì kíákíá kò lè ṣájì iPod kékeré. Ohun tó fà á ni pé ṣájà àti iPod máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì tó yẹ kó máa gbé orin. Ṣájà Apple máa ń fi iná díẹ̀, bíi volt 2 sí 2.8, sórí wọn, èyí ni iPod fi ń mọ̀ pé ẹni tó wà lódìkejì lè fún òun níná tó. Àwọn ṣájà míì ń sọ èdè tiwọn, iPod àtijọ́ míì ò sì gbọ́ ọ, á kàn jókòó lásán. Èyí tí mo yàn láàyò ni ṣájà Apple kékeré volt 5 ti ayé iPhone àtijọ́. Ó lọ́ra lójú ẹni tó ń fi fóònù tuntun wé e, àmọ́ iPod kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ: bíi wákàtí méjì ló máa fi dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, bíi mẹ́rin ló máa fi kún.

Kọ̀ǹpútà dára fún ìdánwò, torí iná rẹ̀ kì í fò. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá sùn, ṣájì lè dúró, ihò USB tó wà lára bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé kì í sì í ní iná tó. Ẹ lo èyí tó wà lára kọ̀ǹpútà gan-an. Power bank wúlò lójú ọ̀nà, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn máa ń pa ara wọn bí ohun tí wọ́n ń ṣájì ò bá fa iná púpọ̀, iPod tó ti fẹ́ kún kì í sì í fa nǹkan kan. Bí ẹ bá rí i pé kì í kún tán lórí power bank, ẹ má bá bátìrì jà. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mi ò fẹ́ gbọ́. Iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ṣájà ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì power bank, kí power bank wá ṣájì iPod.

Ẹnu rẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí ẹ bá rí òwú àpò ṣòkòtò tó ti kì mọ́ ibẹ̀, ẹ fi igi ìtayín fà á jáde, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Nínú eyín 30 yẹn, ẹyọ kan péré, ìkẹtàlélógún, ló ń gbé iná USB wọlé. Bí ìyẹn bá ti yí dúdú tàbí tó hu àwọ̀ ewé, tí àwọn yòókù ń dán, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Sípírítì tí wọ́n fi ń nu pánẹ́ẹ̀lì fóònù ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ nù ún, kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi iná sí i.

## Ti inú: bátìrì wo, nínú iPod wo?

Bó bá wá di pé bátìrì ni lóòótọ́, ẹ má rò pé iṣẹ́ kan náà ni lára gbogbo wọn.

iPod mini ti 2004 rọrùn ní ìwọ̀nba: ike funfun òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló ń ṣí, gbogbo inú rẹ̀ á yọ jáde lẹ́ẹ̀kan bíi dúrọ́ọ̀, bátìrì rẹ̀ sì ní ẹnu tó ń wọlé tó ń yọ. nano, shuffle àti touch, sódà ni wọ́n fi lẹ bátìrì mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ kì í bá ṣe ẹni tó ń fi irin sódà jẹun, ẹ má dán an wò. Bí iye tí oníṣẹ́ máa gbà bá ti sún mọ́ iye òmíràn, ẹ fi í sílẹ̀. Ti nano àkọ́kọ́ tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kọkànlá 2011, Apple ní kí àwọn tó ra èyí tó jáde láàárín oṣù kẹsàn-án 2005 sí oṣù kejìlá 2006 dá a padà, torí bátìrì rẹ̀ lè gbóná kọjá ààlà. Èyí tó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú bátìrì ìgbà yẹn, ẹ má fi sórí iná kí ẹ wá sùn.

Ó wá ku Video àti classic. Bí ẹ bá béèrè èyí tí mo lè ṣí láìbẹ̀rù, Video ni. Iwájú rẹ̀ jẹ́ ike, irin ni ẹ̀yìn, ìkọ́ wẹ́wẹ́ ló dì wọ́n mú, ike tínrín kan sì lè wọ àárín wọn. Classic, irin ni iwájú, irin ni ẹ̀yìn. Ìkọ́ rẹ̀ le, irin pẹlẹbẹ ló ń ṣí i, kò sì sí bí ẹ ṣe máa ṣe é tí etí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní tẹ̀ díẹ̀. Èmi ò ní ṣí classic tó ṣì lẹ́wà fún bátìrì nìkan; oníṣẹ́ tó ti ṣí ọ̀pọ̀ rí ni mo máa gbé e fún.

Lára Video, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́ rèé. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ má gbé ẹ̀yìn kúrò bí ẹni gbé ọmọrí ìkòkò. Ẹ ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ṣí ìwé, torí ẹ̀yìn ni bátìrì lẹ̀ mọ́, ribọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló sì so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan jẹ́ ti bátìrì, ìkejì ti ihò ohun tí a ń kì bọ etí. Ribọ́ọ̀nù bátìrì wọ inú ẹnu kékeré kan tó ní ọ̀pá ike. Ọ̀pá yẹn kì í yọ, sókè ló ń lọ, bíi milimítà méjì péré. Ẹ fi èékánná gbé apá kan, ẹ gbé apá kejì, ribọ́ọ̀nù á fúnra rẹ̀ tú. Ẹni tó bá fi agbára fà á, ọ̀pá á ṣẹ́, bátìrì tuntun ò sì ní rí ibi dúró sí mọ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi bébà ká mọ́ra kí ribọ́ọ̀nù lè dúró. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ẹ tó fi tuntun sí i, bí ẹ bá ní mítà, ẹ wọn ti àtijọ́. Bátìrì lithium tó kún ń ka volt 4.2, ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀ ni 3.7, bó bá ti lọ sábẹ́ 3 ó ti gbẹ. Èyí tó ka òdo kò fi dandan jẹ́ òkú. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń dáàbò bò ó ló gé iná, tí ìdajì wákàtí lórí ṣájà sì lè jí i. Ẹni tó bá fi Rockbox, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò ti Apple, sórí tirẹ̀ lè rí volt yìí lójú rẹ̀ láìṣí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló tún kàn. Video 30GB nípọn tó milimítà 11, ti 60GB àti 80GB tó 14, bátìrì wọn ò sì jọra. Àwọn olùtajà máa ń gbé bátìrì kan jáde pé mAh rẹ̀, ìyẹn iye iná tó lè gbà, pọ̀ gan-an. Ẹ wo bó ṣe nípọn, ẹ má wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i. Bátìrì nípọn nínú ẹ̀yìn tínrín á ti dísìkì, dísìkì á ti pánẹ́ẹ̀lì, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbààwọ́n funfun, ẹ ó sì rò pé ojú ló bàjẹ́. Ibi tí bátìrì nípọn ti yẹ ni kí ẹ yọ dísìkì kúrò, kí ẹ fi pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó ń gba káàdì mẹ́mọ́rì sí àyè rẹ̀. Nígbà náà, àyè á gbà á, káàdì kì í yí, kì í sì í fa iná bíi dísìkì. Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ fẹ́ máa gbé e, ọ̀nà yẹn ni mo máa yàn, kí ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ṣe méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Sunday nìkan lẹ máa gbọ́ ọ, bátìrì tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu ti tó.

Èyí tó ti wú ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó padà, ẹ má gún un, ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́ nínú ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá lẹ̀ jù, ẹ gbé e fún oníṣẹ́. Ẹ má sọ ọ́ sínú ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.

## Àbí kí ẹ wá òmíràn?

Bí pánẹ́ẹ̀lì bá ti jó tàbí tí ọ̀pá ẹnu bátìrì ti ṣẹ́, àwọn ẹ̀rọ míì wà tí ọ̀rọ̀ iná wọn ò le tó báyìí. SanDisk Clip+ ń lo mini-USB, ó sì ń gba káàdì. Creative Zen Micro ti 2004 ní bátìrì tí ẹ lè fọwọ́ yọ bíi ti fóònù ìgbà yẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn, àmọ́ orin díẹ̀ ló ń gbà. Sony Walkman pẹ́ lórí okùn WM-Port tirẹ̀ nìkan, ẹni tó bá sọ okùn yẹn nù ti wọ gbèsè. Bí ẹ bá máa ra Walkman tòkunbọ̀, ẹ wá èyí tó ní USB-C, bíi NW-A105 ti 2019.

Bó bá jẹ́ ìyá yín tàbí bàbá yín lẹ fẹ́ kí orin máa dún fún, mi ò ní ra èyíkéyìí nínú wọn. Rédíò kékeré tó ń gba káàdì mẹ́mọ́rì, tó ń lo BL-5C, bátìrì Nokia àtijọ́, ni mo máa rà. Bó bá kú, ọmọ tí wọ́n bá rán sí ṣọ́ọ̀bù á rà á bọ̀ kí omi ẹ̀bà tó hó.

## Bí ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀ tán

Ẹ jẹ́ kó kún, ẹ pa iná ojú rẹ̀, ẹ fi orin sí i, ẹ tì í sí Hold, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ ka wákàtí tó máa lò. Ohun tí Apple ṣèlérí nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun lẹ máa fi wé: wákàtí 14 fún Video 30GB, 20 fún 60GB àti 80GB, 30 fún classic 80GB, 36 fún 120GB àti fún 160GB ti 2009. Èyí tó bá ṣe ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ dára púpọ̀. Apple fúnra wọn sọ pé lẹ́yìn 400 ìgbà tí ẹ bá gbé e kún, ibẹ̀ náà ló máa wà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdajì, ẹ má gbé e pamọ́ lófìfo bí mo ti ṣe, ẹ má sì fi í sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn.

Bátìrì tí mo rà lọ́jọ́sí wà nínú páálí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí èyí tó wà nínú iPod wá kú ní tòótọ́, inú mi dùn pé tuntun wà nílé. Mo fi sí i, ó tan, mo ka wákàtí rẹ̀. Mẹ́sàn-án. Ó ti ń gbó nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ tó dé.